Postdoc nínú integrative medicine: àwọn ìbéèrè tí ẹ kì í yéé bi wá ní Akúrẹ́ àti Òǹdó

Kí ni postdoc gan-an? Ṣé ìwé ẹ̀rí míì tún ni?

Rárá o. Kò sí gáùn, kò sí convocation, kò sí lẹ́tà tuntun tí wọ́n máa fi kún ẹ̀yìn orúkọ yín. Ẹni tó ti gba PhD tàbí tó ti di dókítà ìṣègùn ló máa ń lọ jókòó sábẹ́ ọ̀gá kan fún bí ọdún kan sí mẹ́ta, á máa ṣèwádìí, á máa kọ pépà, á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ara ẹni wá owó ìwádìí, wọ́n á sì máa sanwó fún un. Iṣẹ́ ni, ẹ̀kọ́ náà sì ni. Àwọn òbí máa ń bínú, wọ́n á ní "ṣé o ò tíì kàwé tán ni?", ẹ ṣáà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn.

Integrative medicine wá ńkọ́? Ṣé àgbo náà ni wọ́n fún lórúkọ òyìnbó?

Àgbo wà nínú ẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́. Bí aláìsàn bá pa oògùn ọsibítù tì tó wá gba ti ìbílẹ̀ dípò ẹ̀, alternative nìyẹn. Tó bá ń lo méjèèjì pọ̀, bóyá dókítà ẹ̀ mọ̀ o tàbí kò mọ̀, complementary nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé àwọn olùtọ́jú méjèèjì mọra, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n jọ ń wo aláìsàn kan náà, ìyẹn ni integrative. Lókè òkun, abẹ́rẹ́ acupuncture, yóógà, wíwọ́ ara, àṣàrò àti ewé àtegbò ló pọ̀ jù nínú ìwádìí wọn. Nílé níbí, ẹ fi alágbo, àwọn tó ń to eegun àti agbẹ̀bí ìbílẹ̀ kún un.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa rárá. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Aró, Abẹ́òkúta: àwọn alárùn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù.

Kí ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe ń se oògùn ni?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se àgbo, ẹ̀yìnkùlé bàbá ẹ̀ ló yẹ kó wà, kì í ṣe Boston. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ni bí wọ́n ṣe ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ tí ìwádìí á lè dáhùn, iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ kópa kí èsì tó lè dúró, ìṣirò biostatistics, ethics (ìlànà ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí), bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò láì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, àti bí wọ́n ṣe ń kọ grant (ìwé béèrè owó ìwádìí). Àwọn ibòmíì tún máa ń jẹ́ kí èèyàn fi Master's nínú public health kún un.

Ká sọ òótọ́, púpọ̀ nínú wa tó ṣe PhD nílé, eku àti antioxidant la mọ̀ jù. Ewé yìí dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku, ewé yẹn dín ṣúgà eku kù, pépà ti jáde, ó parí. Ibi tó ti ń di wàhálà ni kí wọ́n ní ká gbé e dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Ibẹ̀ gan-an ni postdoc yìí wúlò sí.

Ta ló lè gbà á?

Ẹni tó ní PhD nínú biochemistry, pharmacology, pharmacognosy, nọ́ọ̀sì, psychology, public health, kódà anthropology. MBBS náà wọlé, ibi tó pọ̀ ló kà á sí doctorate. Master's nìkan ò tó. HND ò tó.

Mo rí T32 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé mo lè kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ láti Akúrẹ́?

Ìbéèrè tó ń wá jù nìyí, ìdáhùn ẹ̀ sì máa ń dun èèyàn: rárá. T32 (owó tí iléèwé ń gbà láti fi kọ́ postdoc) àti F32 (èyí tí ẹnì kan ń béèrè fún fúnra ẹ̀) wà fún ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card. NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń gbé owó náà kalẹ̀, ẹ̀ka tó sì ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀ ni NCCIH, òun náà ni wọ́n ń pè ní NCCAM láti 1998 kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ padà ní December 2014. Harvard àti UCSF wà lára àwọn tó ti fi T32 kọ́ èèyàn nínú integrative medicine, nítorí náà tí ẹ bá rí ìpolówó wọn, ibi tí wọ́n kọ eligibility sí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní green card, ẹ fetí sí èyí. Oṣù 12 àkọ́kọ́ jẹ́ gbèsè lọ́rùn yín, iṣẹ́ ìwádìí tàbí ìkọ́ni lẹ máa fi san án, oṣù kan fún oṣù kan. Tí ẹ bá wọ ọdún kejì nínú ètò náà, oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹ lò níbẹ̀ ń pa gbèsè náà rẹ́.

Ọ̀nà wo ló wá ṣí fún ọmọ Nàìjíríà?

Ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. NIH fúnra ẹ̀ ní Visiting Fellow nínú láàbù wọn ní Bethesda, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n dìídì ṣe é fún, ẹni tí ìrírí ìwádìí ẹ̀ lẹ́yìn doctorate kò bá ju ọdún 5 lọ. Ọ̀rọ̀ ìrora ara ni láàbù NCCIH níbẹ̀ ń ṣe jù, ẹni tó mọ̀ nípa iṣan àti ọpọlọ ló máa bá lára mu. K99, owó NIH míì fún ẹni tó ń ṣe postdoc, náà ò béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti máa ṣe postdoc ní Amẹ́ríkà ná.

Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá jẹ́ ewé àti egbò, fellowship TWAS (àjọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà) ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, Trieste ní Ítálì ni ọ́fíìsì wọn wà. Wọ́n máa ń bá àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí ní Íńdíà, Pakistan àti àwọn ilẹ̀ míì ṣe fellowship náà pọ̀. Ní Pakistan, ICCBS ní Yunifásítì Karachi lágbára gan-an nínú natural products, ẹ̀rọ tí ẹ máa fi oṣù mẹ́fà wá kiri nílé wà níbẹ̀ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Àwọn oní-biochemistry FUTA ti tẹ ọ̀nà Brazil dáadáa, Federal University of Santa Maria ní pàtàkì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹ̀ka náà.

Fellowship Humboldt ti Jámánì ń gba ẹni tó parí PhD láàárín ọdún 4 sẹ́yìn sí ipò postdoc. Marie Curie ti Yúróòpù ò kọ ibi tí ẹ ti wá, kìkì pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tíì gbé orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú. Wọ́n tún ní òfin kan tó le: tí máàkì proposal yín (ètò ìwádìí tí ẹ kọ ránṣẹ́) bá kéré sí iye tí wọ́n fi lélẹ̀, ẹ ò lè bá iléèwé kan náà fi í ránṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Torí náà ẹ má fi iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la ránṣẹ́. South Africa náà wà, yunifásítì wọn máa ń polówó àyè postdoc láàárín ọdún, ó sì sún mọ́lé.

TETFund, owó ìjọba àpapọ̀ fún iléèwé gíga ìjọba, ńkọ́?

Tó bá jẹ́ pé FUTA, UNIMED (yunifásítì ìṣègùn Òǹdó), Adekunle Ajasin ní Àkùngbá tàbí iléèwé ìjọba míì lẹ ti ń kọ́ni, ẹ lọ bá desk officer TETFund iléèwé yín. Tó bá jẹ́ owó ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ tàbí bench work (iṣẹ́ inú láàbù) lẹ fẹ́, ọ̀dọ̀ iléèwé ni orúkọ yín ti gbọ́dọ̀ jáde, ẹ ò lè dá a fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ iléèwé aládàáni lẹ wà, owó yẹn ò kàn yín.

Ṣé dandan ni kí n rìnrìn àjò?

Kì í ṣe dandan. Ọ̀kan nínú ìwádìí tó lágbára jù lágbàáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ìbàdàn ni wọ́n ti darí ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana pa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń fi àdúrà wòsàn pọ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé, wọ́n jọ ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn ọpọlọ tó le. Nígbà tí èsì jáde nínú jọ́nà ìṣègùn Lancet ní 2020, àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú báyìí ṣe dáadáa ju àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì ti gba postdoc, ìbáà má tíì rí yìnyín rí.

NIPRD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí oògùn, wà ní Abuja láti 1987, Ifẹ̀ ní ẹ̀ka oògùn ewé tó ti pẹ́, UNIMED wà ní Òǹdó fún ẹni tó fẹ́ aláìsàn àti dókítà nítòsí. Wàhálà ilé ni iná, kẹ́míkà tó máa pẹ́ kó tó dé, àti owó oṣù. Àmọ́ aláìsàn tó ń mu àgbo pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé níbí ló pọ̀ sí, ta ló fẹ́ lọ wá a ní Berlin?

Báwo ni mo ṣe máa rí mẹ́ńtọ̀?

Mẹ́ńtọ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ iléèwé lọ, mo máa tún un sọ títí ẹnu á fi yọ mí. Ẹ ka pépà mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹni náà kọ láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀ máa ń wà ní ipò àkọ́kọ́ lórí pépà. Tó bá jẹ́ orúkọ òun nìkan ló ń ṣáájú ní gbogbo ìgbà, ẹ rìn kọjá.

Íméèlì yín kò gbọ́dọ̀ gùn. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́: ẹ̀yin ta ni, PhD yín dá lórí kí ni, ní gbólóhùn méjì. Ìkejì: ohun kan pàtó tí ẹ rí nínú pépà ẹ̀ àti ìbéèrè tó bí nínú yín. Ìkẹta: irú fellowship tí ẹ fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ àti ọjọ́ tó máa tì, kó mọ̀ pé òun kọ́ ló máa wá owó yín. CV ojú ewé méjì, ó tán. Ẹ má fi "Dear esteemed Professor of global repute" bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi íméèlì kan náà ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà tí orúkọ gbogbo wọn wà lókè, a ti rí i rí. Tí kò bá fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi í sílẹ̀.

Ìwé wo ni kí n tọ́jú sílẹ̀?

Páásípọ́ọ̀tì, ìwé ẹ̀rí PhD, transcript, ẹni mẹ́ta tó máa kọ lẹ́tà fún yín, àti ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ethics lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti CITI. Transcript ni kí ẹ kọ́kọ́ lépa, torí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní registry.

Ṣé owó wọn tó jẹun?

Ó tó jẹun, kò tó kọ́lé. Ní 2024, ìwọ̀n tí NIH fi lélẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú T32 àti F32 jẹ́ dọ́là 61,008 lọ́dún, àwọn láàbù míì náà sì máa ń wò ó ṣe tiwọn. Tí ẹ bá sọ ọ́ di náírà, orí máa wú, àmọ́ ilé rírẹ́ǹtì ní Boston tàbí San Francisco máa fà á wálẹ̀ kíákíá. Ẹni tó fẹ́ mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání, kó béèrè nípa insurance ìlera ẹbí kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Mo ti lé ní ogójì ọdún. Ṣé ó ti pẹ́?

Púpọ̀ nínú wọn ò wo ọjọ́ orí, ìgbà tí ẹ gba PhD ni wọ́n ń kà. Humboldt ọdún 4, Marie Curie ọdún 8 ìrírí ìwádìí. Ẹ̀yin ìyá, tí ẹ bá bímọ láàárín ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, Marie Curie máa ń yọ àkókò yẹn kúrò nínú ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí, wọ́n á ti sọ fúnra wọn pé ó ti bọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá lẹ́kulẹ́jà kan ní Ọjà Ọba ni mo ti ra ewé tí mo fi ṣe PhD. Ṣé ó burú?

Kò burú kí ẹ rà á, ohun tó burú ni kó jẹ́ pé orúkọ tí ìyá yẹn pè é nìkan lẹ ní. Ewé kan náà, Chromolaena odorata, àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn míì ní ewé Awólọ́wọ̀, ó wá kù sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹni tó ń tà á wà. Ẹ ò lè gbé ìyẹn lọ síwájú àwọn tó ń yẹ proposal wò.

Ẹ padà lọ síbi tí wọ́n ti ń já a. Ẹ gé ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso lára, kì í ṣe ewé nìkan, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ fi pákó méjì há a, ẹ so ó le. Lásìkò òjò, ẹ máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa bu. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó já a, abúlé, GPS, irú ilẹ̀ tó hù sí, àti àwọ̀ òdòdó ẹ̀ kó tó gbẹ torí ó máa yí padà. Ẹ wá gbé e lọ sí herbarium (ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí) ti FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, tàbí ti Ifẹ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí. Èèpo tàbí egbò tí wọ́n ti lọ̀ kúnná ò ṣeé ṣe báyìí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín lọ̀ ọ́ kí ẹ tó rí igi ẹ̀ lóòró.

Báwo lèèyàn ṣe máa ṣe placebo (ayédèrú oògùn tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé) fún àgbo? Gbogbo èèyàn ló mọ bó ṣe korò.

Ìbéèrè gidi nìyí, ọ̀pọ̀ proposal ló sì ń kú síbẹ̀. Àgbo dúdú, ó korò, ó ń rùn. Omi lásán ò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ ní Òǹdó. Ọ̀nà kan ni kí ẹ gbẹ omi àgbo náà kúrò, kí ẹ fi ohun tó kù sínú kápúsù, kápúsù kejì á ní ìyẹ̀fun lásán. Tó bá jẹ́ olómi ni dandan, wọ́n máa ń fi caramel pa á láwọ̀, wọ́n á fi ohun tó korò tí kò ní oògùn kankan nínú sí i. Lópin ìwádìí, ẹ bi àwọn olùkópa pé èwo ni wọ́n rò pé àwọn gbà, tí gbogbo wọn bá mọ̀ ọ́n, placebo yín ti já.

Ẹ rántí ọtí. Tó bá jẹ́ pé ogógóró ni wọ́n fi pò ó, ogógóró gbọ́dọ̀ wà nínú placebo náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọtí lè ṣe iṣẹ́ kí ẹ máa yin ewé. Ìgbìmọ̀ ethics sì máa bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi ń fún aláìsàn lọ́tí, nítorí náà àgbo tí wọ́n fi omi pò ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ pa placebo tì pátápátá. Ẹ pín àwọn aláìsàn sí méjì nípa yíyan orúkọ láìmọ̀ọ́mọ̀, gbogbo wọn gba ìtọ́jú ọsibítù, apá kan gba àgbo kún un. Èyí ò ní sọ fún yín bóyá ewé náà ló ṣiṣẹ́ tàbí ìgbàgbọ́, àmọ́ ó máa sọ bóyá ara aláìsàn yá sí i. Bó ti wù kó rí, ìṣọwọ́sè àgbo tọ̀sẹ̀ yìí àti ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí láàbù yẹ gbogbo ẹ̀ wò, títí kan lẹ́ẹ̀dì àti kòkòrò.

Tí èsì bá fi hàn pé kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n máa lé mi?

Wọn ò ní lé yín. Ẹ wo kòkó tiwa yìí. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fún àwọn àgbàlagbà ní kápúsù èròjà inú kòkó, èèyàn 21,442 ló kópa, COSMOS lorúkọ ìwádìí náà. Èsì tó jáde ní 2022 ni pé kò dín àpapọ̀ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù tó bó ṣe yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye àwọn tí àrùn ọkàn pa kéré sí i láàárín àwọn tó gbà á. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè lè má fẹ́ gbọ́, àmọ́ wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀. Ẹ fi orúkọ ìwádìí yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Pan African Clinical Trials Registry kí ẹ tó gba olùkópa àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè bò ó mọ́lẹ̀ tó bá yá.

Bàbá oníṣègùn tó fún mi ní ewé ní kí n má sọ àṣírí. Kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Ẹ̀tọ́ ẹ̀ pọ̀. Àdéhùn àgbáyé Nagoya tí wọ́n ṣe ní 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, sọ pé kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó mú un, kí ẹ sì jọ pín èrè ẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn náà ní Yorùbá, ẹ kà á sí i létí níwájú àwọn ọmọ ẹ̀, torí ìmọ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́ ti agboolé. Ohun tó bá ní kí ẹ má tẹ̀ jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ kọ́ ọgbọ́n lára Niprisan, oògùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Ọ̀dọ̀ Rẹ́fúrẹ́ǹdì Ògúnyalé ló ti wá, ìyèré, osùn, kànáfùrù àti okà bàbà ló wà nínú ẹ̀, NIPRD bá a ṣàdéhùn, wọ́n ṣèwádìí ẹ̀ dórí èèyàn. Wọ́n wá gbé àṣẹ ẹ̀ fún iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, ó dé ọjà ní 2006 lórúkọ Nicosan. Ní 2008 iléeṣẹ́ náà wọ gbèsè, oògùn sì di àwátì. Nítorí náà kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pẹ̀lú: tí ẹni tó gba àṣẹ bá ṣubú, ọwọ́ ta ni oògùn náà máa padà sí?

Ṣé mo lè di ewé sínú báàgì lọ sí láàbù tuntun?

Ẹ má dán an wò. Ẹ gba ìwé phytosanitary (ẹ̀rí pé ewé náà ò ní àrùn) lọ́wọ́ àwọn Agricultural Quarantine, ẹ béèrè lọ́wọ́ láàbù tí ẹ ń lọ bóyá ìjọba wọn fẹ́ kí wọ́n gba permit, kí iléèwé méjèèjì sì fọwọ́ sí material transfer agreement (àdéhùn lórí ohun ìwádìí tí wọ́n ń gbé láti láàbù kan sí òmíì).

Ẹnì kan ní kí n san 150,000 náírà kó lè bá mi ṣe postdoc NIH.

Olè ni. NIH, TWAS, Humboldt, Marie Curie, kò sí èyí tó ń gba owó fọ́ọ̀mù nínú wọn.

Dókítà ni mí. Ṣé mo lè máa tọ́jú aláìsàn níbẹ̀?

Postdoc ìwádìí kì í ṣe láísẹ́ǹsì. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, ọ̀nà USMLE (ìdánwò láísẹ́ǹsì dókítà) àti residency (ìkọ́ṣẹ́ dókítà ní ọsibítù) yàtọ̀ pátápátá, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ọ̀gá mi fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ ṣáájú lórí pépà tí èmi kọ, data ọ̀hún sì jẹ́ èyí tí mo kó ní Òǹdó. Kí ni mo lè ṣe?

Tí pépà bá ti délẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ó ti pẹ́ díẹ̀. Jọ́nà ìṣègùn tó pọ̀ ló ń tẹ̀ lé òfin ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn: ẹni tó bá máa jẹ́ òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ti kópa gidi nínú iṣẹ́ náà, kó ti kọ ọ́ tàbí tún un ṣe, kó fọwọ́ sí èyí tó jáde, kó sì gbà láti dáhùn fún un. Ẹni tó kàn wá owó nìkan kò yẹ. Ẹ fi íméèlì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ to ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe sínú ẹ̀, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì lọ, ẹ bá a sọ ọ́ kí ẹ tó wọ bàálù: ta ló máa ṣáájú lórí pépà wo, àti pé ẹ̀dà data náà máa wà ní iléèwé yín nílé. Ẹ rántí pé àwọn olùkópa fọwọ́ sí ìwé lábẹ́ ìgbìmọ̀ ethics tiwa, ohun tí ìwé yẹn ò bá gbà, ọ̀gá lókè òkun náà ò lè ṣe é.